Ẹ Gbọ́ Tẹnu Àwọn Tó Mu Omi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ pé ẹ̀fọn fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ lágbájá. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, wọn á ní àwọn fojú rí i ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀bá fèrèsé ni lágbájá ń sùn. Ó sì lè jẹ́ pé ara tirẹ̀ ló ń wú jù bí ẹ̀fọn bá jẹ gbogbo wọn.

Ìwádìí tó dára kì í gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láàyè. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde láti Burkina Faso, lórí bóyá ọtí ń fa ẹ̀fọn. Dolo ni wọ́n lò, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pọn níbẹ̀. Ọkùnrin 25 mu ọtí, 18 mu omi, oníkálukú sì jókòó sínú àgọ́. Ẹ wo àwọn 18 yẹn dáadáa, nítorí wọn ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí ni ẹni tó mu omi ń wá níbi ìwádìí ọtí? Bí kò bá sí wọn, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ikùn tó kún ló fà á, tàbí pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ nínú àgọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n yẹ oníkálukú wò kó tó mu àti lẹ́yìn tó mu, kí wọ́n lè fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ẹnikẹ́ni. Fáànù ló ń gbé òórùn ara láti inú àgọ́ wọ ẹ̀ka kan nínú ọ̀pá ẹlẹ́ka méjì tí àwọn ẹ̀fọn ti ń yan ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ìta lásán ló ń gba ẹ̀ka kejì. Òórùn àwọn tó mu dolo fa ẹ̀fọn sí i, omi kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n wọn èémí àti ìgbóná ara àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sì rí i pé ìdí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, ìyẹn ohun tí wọ́n mu. Ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ka ọ̀tún sí òsì, kí ẹ má baà ka ìfẹ́ apá kan sí ìfẹ́ òórùn. Kí ẹni tó ń ka ẹ̀fọn má mọ ẹni tó mu kí ni. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe na apá sílẹ̀ fún ẹ̀fọn ìgboro nítorí ìwádìí. Ibà ń pa ènìyàn.