Ẹ̀KỌ́: KÍ A BẸ ÀWỌN ÀGBÀ WÒ KÍ ÀÌSÀN TÓ DÉ

Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7, 1 Tímótíù 5:3–16

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí àwọn àgbà tó wà láàárín wa ní Ìwáyà. Kì í ṣe bí a ó ṣe sìnkú wọn, nítorí ìyẹn a mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, a sì ní aṣọ rẹ̀. Bí a ó ṣe tọ́jú wọn nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Nínú ibi kíkà wa àkọ́kọ́, ìkùnsínú dé bá ìjọ Jerúsálẹ́mù, nítorí pé wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ojoojúmọ́ ni ìpínfúnni yẹn, kì í ṣe àpò ìrẹsì kan ní ọdún Kérésì pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé èdè àwọn opó wọ̀nyí ló yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Àwọn àpọ́sítélì kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àdúrà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ àwọn méjèèje sì wà nínú Bíbélì títí di òní. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, Ègùn àti Ìlàjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àgbà tí a ó bá níbẹ̀. Ìyá Ègùn tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa lè jókòó sí ilé ìwòsàn láti àárọ̀, kó gba oògùn, kó sì padà sílé láìmọ ìgbà tí yóò lò ó. Nítorí náà, bí a bá ń yan olùbẹ̀wò, arábìnrin tó gbọ́ Ègùn ni kí a kọ́kọ́ wá.

Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé tó kọ sí Tímótíù, gbé ẹrù náà ka orí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ná, kó tó kan ìjọ. Àwọn baba wa náà sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yìí gbà pé ọmọ wà nítòsí. Lónìí, ọmọ lè wà ní Kánádà tàbí ní Lẹ́kí (Lẹ́kí náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ wa ju Kánádà lọ lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá le). Owó tó ń fi ránṣẹ́ yóò ra oògùn, ṣùgbọ́n owó kò lójú tí yóò fi rí i pé Màmá ti ń di ògiri mú kó tó dé ilé ìgbẹ́.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ní àpẹẹrẹ tiwa. Nínú ìwé kan tí John Wesley kọ ní 1748 láti ṣàlàyé ẹni tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì jẹ́, ó sọ bí wọ́n ṣe pín Lọ́ńdọ̀nù sí ọ̀nà 23, tí wọ́n sì yan olùbẹ̀wò 46, méjì-méjì fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní láti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń béèrè nípa ọkàn rẹ̀, wọ́n ń béèrè nípa ara rẹ̀, wọ́n ń bá a wá ìmọ̀ràn oníṣègùn, wọ́n sì ń mú ìṣirò wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ onísùúrù àti onímọ̀ọ́tótó, kí wọ́n má sì yínmú sí ohunkóhun tí wọ́n bá bá níbẹ̀. Ó tún gba ilé kékeré méjì fún àwọn opó tó ti di arúgbó. Opó 9 ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé náà, Wesley fúnra rẹ̀ a sì máa bá wọn jẹun, oúnjẹ kan náà lórí tábìlì kan náà.

Ti ilé wa náà wà. Láàárín 1956 àti 1961, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Ọsibítù Wesley Guild ní Ilẹ́ṣà, tí ìjọ wa dá sílẹ̀. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé. Ó mú iṣẹ́ náà lọ bá wọn ní Imẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀, wọ́n ń wọn ọmọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, wọ́n ń sàmì ìwọ̀n náà sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì sílé. Bí àmì orí káàdì bá ti ń wálẹ̀, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ kí ọmọ tó dá àìsàn sílẹ̀. Ikú ọmọdé dínkù níbẹ̀, irú káàdì náà sì tàn ká ayé. Gbogbo àwa tí a ti pọn ọmọ lọ sí ibi ìwọ̀n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan ní káàdì, ìyá ẹni ọdún 78 kò ní. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń wí kò ju èyí lọ: kí a ṣe fún àgbà ohun tí a ti mọ̀ ọ́n ṣe fún ọmọ.

Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan tó. Kó máa wà lọ́dọ̀ Màmá tàbí Bàbá fúnra wọn. Kí olùbẹ̀wò méjì láti inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí arábìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ìdí nìyẹn tó fi léwu. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ilé ìwòsàn yá. Rọpárọsẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọfà ayé, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló máa ń fà púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí a kọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ìwé náà, àti àgbo pẹ̀lú. Ara tó yá kì í ṣe àṣẹ láti dá oògùn dúró. Ààwẹ̀ náà kò fagi lé oògùn, pàápàá fún ẹni tó ní ìtọ̀ súgà. Kí olórí àdúrà wa bá wa sọ èyí jáde láìfepo bọyọ̀.

Ìṣubú ni kí a fojú sí jù. Gbogbo wa mọ Ìgbóbì, ọsibítù eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Egungun ìbàdí tó dá lẹ́yìn ẹni 75 ọdún lè sọ ọ́ di ẹni tí kì í dìde mọ́. Ibi tí ìṣubú ti ń bẹ̀rẹ̀ kò sì jìnnà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníyàrá púpọ̀ tí kò níná, omi tí aládùúgbò dà sílẹ̀, pákó tó ń mì lórí gọ́tà, bàtà tó ti jẹ. Nígbà òjò, tí omi bá wọlé, ilẹ̀ a máa yọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Òru ló burú jù, nítorí ìtọ̀. Àwọn ìyá mìíràn kì í tilẹ̀ mu omi láti ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má baà jáde lóru, àìmu omi yìí náà a sì máa fa òòyì. Ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí kápẹ́ńtà kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Ojú tó ń ṣe bàìbàì náà, ẹ mú wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ iyè tó ń rà, èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, láti yẹ àwọn àgbà wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ọdún 65, àrùn yìí ń mú bí 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà, àìsàn sì ni. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà lè rìn jáde lóru láìwọṣọ; ó lè jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe rí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má bá wọn pè é ní àjẹ́, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti dè é mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n febi pa á nítorí ìtúsílẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, kí a dìde kí a lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a mú pásítọ̀ dání.

Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń tọ́jú. Ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sábà máa ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fọ aṣọ, tí kì í sì í sùn. Kí olùbẹ̀wò méjì jókòó ti Màmá fún wákàtí méjì, kí onítọ̀hún lè lọ sí ọjà tàbí kó kàn sùn. A rò pé ìrànlọ́wọ́ yìí ju àpò ìrẹsì lọ.

Ilé àwọn arúgbó wà, ti ìjọba ní Yábàá àti Regina Mundi ti àwọn Kátólíìkì ní Mushin, a sì dúpẹ́ fún iṣẹ́ wọn. UCH ní Ìbàdàn náà ti ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan láti 2012. Ṣùgbọ́n inú yàrá tiwọn, láàárín ẹni tó mọ oríkì wọn, ni ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ wà.

Ìbéèrè fún àjọsọ:
1. Àwọn àgbà mélòó ló wà nínú kíláàsì wa tó ń dá gbé? Ẹ kọ orúkọ wọn kí ìpàdé tó tú ká.
2. Ta ni ó gbọ́ Ègùn láàárín wa?
3. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn méjì wo, ilé ta ni wọn yóò sì kọ́kọ́ lọ?