ÈÈWỌ̀ INÚ ÌTÀN ÌWÁṢẸ̀ ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó Ń KỌ́ ỌMỌDÉ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ìtàn ìwáṣẹ̀ wà lára àdá tí àwọn baba wa fi ń pẹ̀ka náà. Èèwọ̀ tí ó wà nínú méjì lára irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ní Ìjàrè, nítòsí Àkúrẹ́, Òkè Ọwá jẹ́ ilẹ̀ ọ̀wọ̀. Àṣà wọn ni pé Olújàrè ni ó ń gun òkè náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní àkókò ọdún ìjẹṣu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 níbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ní wọ́n tẹ ilẹ̀ tí a kì í tẹ̀ ni. Ní ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ibi gíga ni àrá sábà máa ń sán sí, agbára rẹ̀ a sì gba inú ilẹ̀ mú ẹran tí ó dúró pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó pa ẹran 323 tí ó jọ àgbọ̀nrín ní Norway ní ọdún 2016.

Bí a bá fi ìtàn Ìjàrè dẹ́rù ba ọmọdé nìkan, a jẹ èèpo, a sọ iṣu nù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé agbára ní ààlà: ọba pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìtàn Oǹdó fi ojú kejì èèwọ̀ hàn wá. Wọ́n ní ìyàwó Odùduwà bí ìbejì nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Odùduwà kò jẹ́ kí a pa wọ́n. Ó ní kí ìyá kó ọmọ rẹ̀ jáde nílùú. Bí ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́, ọ̀kan nínú ìbejì náà ni Púpùpú, obìnrin tí ó di Òṣemàwé àkọ́kọ́. Bí a bá ti tẹ̀lé èèwọ̀ dé òpin, a bá ti pa ọba ọ̀la.

Èèwọ̀ kan so alágbára mọ́lẹ̀. Èkejì fẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ tuntun. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ bi ọmọ léèrè lẹ́yìn ìtàn: ta ni èèwọ̀ yìí ń dáàbò bò? Ta ni ó ń pa lára? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ti kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu àti àánú pọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìsinmi bá dé, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìlú yín, kí ẹ kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìbéèrè náà.