Àbẹ̀kẹ́, Orúkọ Wo Lo Sọ Ilé Ìdáná Yìí?

Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí fọ́tò tóo fi sórí WhatsApp. Mo rí pátákó tóo gbé kọ́ sókè fìríìjì, mo rí lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kọ ọ́: ‘Golden Spoon Restaurant’. Ṣíbí wúrà wo ló wà nínú ilé ìdáná yẹn? Ṣebí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Orógùn tí ìyá rẹ fi sínú ẹrù ìyàwó rẹ wà níbẹ̀, ìjábẹ̀ wà níbẹ̀, ìkòkò tí etí rẹ̀ kan ti já náà ò tíì kúrò níbẹ̀. Èwo ni ti wúrà?

Má bínú o, ọmọ dáadáa. N ò ní kóo má sọ ilé ìdáná rẹ lórúkọ. Ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n ń nu ẹnu lọ, ó yẹ kó rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá ìyá rẹ ò pe ọmọ ọkọ kankan lórúkọ rí láyé wọn: Akọ̀wé, Adúmáradán, Ìbàdí-àrán ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ orúkọ sísọ wà lẹ́jẹ̀ rẹ. Ẹjọ́ tí mo ní kò ju pé ibi tóo ti lọ wá èyí wá ti jìn jù.

Wo àwọn tó ń fi oúnjẹ ṣòwò. Ta ló ń sọ wọ́n lórúkọ? Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ni. Lọ sí Bódìjà n’Íbàdàn, kóo béèrè àmàlà Skye. Ẹ̀gbẹ́ báńkì Skye ni wọ́n ti ń tà á, ni àwọn oníbàárà bá gbé orúkọ báńkì lé àmàlà lórí. Nígbà tó di 2018, báńkì di Polaris. Àmàlà ò bá wọn pa orúkọ dà. Skye ló ṣì ń jẹ́. Ní Súrùlérè l’Ékòó, àdúgbò Shitta ló fún àmàlà Shitta lórúkọ. Ní Erékùṣù Èkó, wọ́n ń pe bùká kan ní Ghana High, nítorí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Ghana tó wà nítòsí rẹ̀. Àìmọye àwọn tó kù, orúkọ ọmọ ìyá olóúnjẹ ni wọ́n ń jẹ́. Èèyàn jẹ, ó yó, ó júwe ibẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ ti délẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Kúbà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ebi ń pa ìlú, tí ìjọba wá gbà ní 1993 kí wọ́n máa ta oúnjẹ nínú ilé tiwọn, eré tẹlifíṣọ̀n kan láti Brazil wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an, Vale Tudo. Obìnrin inú eré náà, Raquel, bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ títà létí òkun, ó sì dé ibi tó ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ tirẹ̀, Paladar. Bí gbogbo ìlú ṣe sọ ilé oúnjẹ inú ilé di paladar nìyẹn. Nígbà náà, ìjọba tún ní àga ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 12 lọ. Tábìlì tìrẹ ò gbà tó bẹ́ẹ̀, o ò tíì rúfin.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ni oníbàárà rẹ? Kí ni wọ́n fi ń ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́? Ìwọ tóo máa ń pariwo ‘ó kù díẹ̀’ nígbà tí omi àmàlà ò tíì hó rárá, ‘Ó Kù Díẹ̀’ ni ǹ bá sọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ tó ń sá fún abọ́, ‘Jẹun Kóo Fọ Abọ́’ yóò bá wọn mu, wọ́n á ti rí iye owó oúnjẹ lára orúkọ. Àna wa tó ń ṣe bí ọ̀gá ní Sátidé, tí kò mọ̀ ju Indomie àti ẹyin lọ, fún un ní ẹ̀ka tirẹ̀, kóo pè é ní ‘Omi Gbígbóná’.

Tèmi ń jẹ́ ‘Ta Ló Ṣíkòkò’. Ọkọ mi ló fà á. Wọn ò lè kọjá lára ìkòkò kí wọ́n má ṣí i, ẹran á sì dín. Èmi á béèrè, gbogbo ilé á dákẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ń bi ara wọn pé, ‘Kí ló wà ní Ta Ló Ṣíkòkò lónìí?’ N ò kọ́ pátákó kankan o.

Tún gbọ́ èyí. Orúkọ ńlá máa ń mú kí ojú àlejò tóbi. Tó bá ti ka ‘Golden’, ẹ̀bà àná kọ́ lo máa gbé síwájú rẹ̀. Àmàlà tó gbóná fẹlifẹli, ewédú, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ ata, ṣàkì àti pọ̀nmọ́, ènì wá tẹ̀ lé e: ìyẹn ló ń mú oníbàárà padà sí bùká. Nílé náà, ènì ló ń mú wọn padà: egungun tó ní mùdùnmúdùn nínú abọ́ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ti dà láàmú níbi iṣẹ́.

Nítorí náà, bi àwọn ọmọ léèrè lálẹ́ òní, kóo sì gba ohun tí wọ́n bá sọ, kódà bó bá bu ọ́ kù. Mò ń bọ̀ ní Sátidé wá jẹun níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni tèmi o, n ò sì ní fọ abọ́.