Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: OBÌNRIN TÍ Ó GBÉ AGBỌ̀N NÍTORÍ ÀWỌN ARÚGBÓ

Ẹ jẹ́ kí a ka ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí àwọn yòókù máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bímọ ńkọ́? Ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu tàbí ní Nàìjíríà ńkọ́? Ta ni yóò pọn omi fún un?

Obìnrin kan dáhùn ìbéèrè yìí ní ilẹ̀ Faransé. Jeanne Jugan ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1792 ní Cancale, létí òkun. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Òkun gbé bàbá náà lọ nígbà tí Jeanne wà ní kékeré. Jeanne kò lówó. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, ní ìlú Saint-Servan, ó gba ìyá arúgbó kan sílé. Anne Chauvin ni ìyá náà ń jẹ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́, apá kan ara rẹ̀ sì ti rọ. Jeanne tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ ń sùn lókè àjà. Láìpẹ́, arúgbó mìíràn tún dé.

Báwo ni ó ṣe ń bọ́ wọn? Àwọn kan nínú àwọn arúgbó náà ti máa ń ṣagbe kiri tẹ́lẹ̀. Jeanne gba agbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n jókòó sílé. Òun ni ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan fún un ní oúnjẹ, àwọn kan ní aṣọ, àwọn kan ní owó. Àwọn obìnrin bíi Françoise Aubert àti Virginie Trédaniel ràn án lọ́wọ́.

Wọ́n di ẹgbẹ́ sístà Kátólíìkì tí à ń pè ní Petites Sœurs des Pauvres. Nígbà tí Jeanne kú ní 1879, wọ́n ti tó 2,400. Síbẹ̀, wọ́n ti gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń bá gbé kò mọ̀ pé òun ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní 2009, Póòpù Benedict XVI kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Lónìí, wọ́n ní ilé arúgbó ní Nairobi ní Kẹ́ńyà, àti ní ilẹ̀ mìíràn. Àwọn tí kì í ṣe sístà náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgbowó. Ẹgbẹ́ Jeanne Jugan ni orúkọ wọn.

Ẹ kíyè sí i: Jeanne kò dúró kí ó tó lówó. Ibùsùn kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ní Agoua kò nílò ilé ńlá. Kí kíláàsì yìí mú arúgbó kan tí ó dá gbé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́, kí ojú má bàa tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ọjọ́: ẹnì kan pọn omi, ẹnì kan ṣẹ́ igi, ẹnì kan fọ aṣọ. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

ÌBÉÈRÈ
1. Níbo ni Jeanne sùn nígbà tí ìyá arúgbó náà dé?
2. Kí ni ìdí tí ó fi gba agbọ̀n lọ́wọ́ àwọn arúgbó?
3. Ẹ kọ orúkọ arúgbó kan tí ó dá gbé ní àdúgbò yín. Ọjọ́ wo ni ẹ ó lọ?