Ọmọ Mi, Má Jẹ́ Kí Wọ́n Kánjú Ká Ọ

Ọmọ mi, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ yá. Wọ́n ní bí àwọn ọmọbìnrin CEG Pobẹ̀ bá pàdé ti Ṣakẹ́tẹ́ lórí pápá, ìwọ ni gbogbo ojú ń wá, pé bí o bá ti mú bọ́ọ̀lù tí o sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, àwọn oní-zẹ́míjàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà á gbàgbé èrò tó ń pè wọ́n. Inú mi dùn sí i, inú ìyá tó bí ọ dùn, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kí o fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà sì ti pẹ́ ní ọjà yìí. Mo ti rí ọmọbìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pariwo orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14, tó sì jẹ́ pé nígbà tó fi pé 20, ẹnikẹ́ni kò bèèrè pé ibo ló wà mọ́. Nítorí náà, jókòó tì mí, kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn wá sílé, torí igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

O ti rí àwọn ọmọbìnrin tó ń jó lórí yìnyín nínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ. Bàtà wọn ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, orí omi dídì ni wọ́n sì ti ń fi í sáré, tí wọ́n ń fò sókè, tí wọ́n ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa kò ní jẹ́ kí irú pápá bẹ́ẹ̀ dì láàárín Ṣakẹ́tẹ́ sí Kétu, síbẹ̀ má rò pé ọ̀rọ̀ wọn kò kàn ọ́. Láyé eré ìdárayá, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tètè gbé ọmọbìnrin sókè, tí wọ́n sì ń tètè jù ú sílẹ̀, tó bíi ti orí yìnyín yẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá ọmọ kékeré kò ṣòro láti mọ̀. Ara tó tín-ín-rín, tí ìbàdí rẹ̀ kò tíì gbilẹ̀, ló ń yí kíákíá jù nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ọmọ bá wá ń di obìnrin, tí ara ń yí padà gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ṣe ṣètò rẹ̀, fífò tó ti ń fò tẹ́lẹ̀ á wá di ohun tó ní láti tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan lára àwọn tó ń kọ́ wọn kì í sì í ní sùúrù fún ìyẹn, nítorí ọmọ mìíràn tó kéré sí i ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yulia Lipnitskaya, ọmọ Rọ́ṣíà, gba ife àgbáyé ti àwọn jùníọ̀ ní 2012. Ní 2014, ní Sochi, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba wúrà Òlíńpíìkì, gbogbo ayé sì dìde fún un. Ní 2017, ó ní òun ti fi eré sílẹ̀, pé àìsàn tí í mú ènìyàn sá fún oúnjẹ ló ń bá òun jà. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Ọmọ mi, ní ọdún 19, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ibi tí wọ́n máa gba wọ inú ayé ni.

Ọ̀rọ̀ ti Kamila Valieva tilẹ̀ dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà gba ife jùníọ̀ àgbáyé ní 2020, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Beijing, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fò tó sì yí po lẹ́ẹ̀mẹrin ní Òlíńpíìkì. Kí ìdíje náà tó parí ni wọ́n ti sọ pé àyẹ̀wò rí oògùn ọkàn lára rẹ̀, oògùn tí òfin eré kò gbà láyè. Wọ́n dá a dúró fún ọdún mẹ́rin. Mi ò lè sọ bí oògùn náà ṣe dé inú ọmọ ọdún 15, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé àgbàlagbà pọ̀ yí i ká, dókítà wà níbẹ̀, kóòṣì wà níbẹ̀, ọmọdé nìkan ni gbogbo ayé sì ń wo omijé rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún ọ pé kí o gbé mì, ìbáà jẹ́ oògùn agbára láti ọjà, ìbáà jẹ́ àgbo tí ẹnì kan sè pa mọ́ sínú ìgò, ìbáà sì jẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló ti wá, má gbé e mì kí o tó fi han nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni àwọn àgbà eré náà tó ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n ní kí ọjọ́ orí tí ènìyàn lè fi wọ ìdíje àwọn àgbà kúrò ní 15, kí ó máa gòkè títí yóò fi di 17. Mao Shimada, ọmọ Jàpáàn tó gba ife jùníọ̀ àgbáyé ní 2023, ní 2024 àti ní 2025 léraléra, kò lè bá wọn lọ sí Òlíńpíìkì 2026, nítorí oṣù díẹ̀ péré ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ fi kọjá ààlà tí wọ́n fà. Àwọn kan ní ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a bá fagbára mú ní í le koko koko.

Ìwọ wo ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobẹ̀ wa níbí láti 1922. Bí wọ́n bá gbin ọ̀pẹ tuntun, ó lè yọ òdòdó ní kùtùkùtù, nígbà tí ìdí rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Aláìmọ̀kan á yọ̀, á ní èso ti dé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní yọ̀, gígé ni yóò gé e kúrò, kí oúnjẹ ilẹ̀ lè lọ sí gbòǹgbò àti sí ara igi, nítorí ọ̀pẹ tó bá fi gbogbo okun rẹ̀ so ìdì wẹ́wẹ́ ní kékeré, ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan lè dá a dúró. Èyí tí wọ́n bá ní sùúrù fún ni yóò máa so fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ife tí o bá gbà kí o tó pé 17, ọmọ mi, òdòdó àkọ́kọ́ yẹn ni. Gbà á, jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbogbo ara rẹ rà á.

Bí o bá sì ń bẹ̀rù pé ẹni tó dúró á pẹ́ lẹ́yìn, jẹ́ kí n darí rẹ sí Atakora, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí Noélie Yarigo ti wá. Ọmọ Matéri ni, mítà 800 ni eré tirẹ̀, ó sì ti sá a fún orílẹ̀-èdè wa ní Òlíńpíìkì láti Rio ní 2016 títí dé Paris ní 2024. Ọmọ ọdún 38 ni ní oṣù kẹta 2024 nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Glasgow, nínú ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé. Ọdún 38, ọmọ mi! Ọjọ́ orí tí wọ́n ti máa ń sọ fún obìnrin níbí pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Alysa Liu ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tó ń jó lórí yìnyín, tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: ọmọ ọdún 13 ló fi di akọni gbogbo Amẹ́ríkà ní 2019, ní ọmọ ọdún 16 ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó lọ sí yunifásítì, ó rìnrìn-àjò, ó gbé ayé ọmọ ènìyàn. Nígbà tó padà wá ní 2024, òun fúnra rẹ̀ ló wù, kò sẹ́ni tó ti i, ní oṣù kẹta 2025 ní Boston ó sì gba ife àgbáyé. Ìsinmi tó sinmi kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó jẹ́ ti àwa obìnrin, torí ó lè má yá kóòṣì rẹ lẹ́nu. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ti ń wá déédéé, tó sì wá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún, má fi pa mọ́, má sì dúpẹ́ pé ó sinmi lára rẹ. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ tó ń wọlé kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìnáwó kù, egungun á sì di aláìlágbára, títí yóò fi sán láìjẹ́ pé ẹnì kan gbá ọ. Sọ fún ìyá rẹ, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé kí o má jẹun kí ara rẹ lè fúyẹ́, kò mọ eré, kò sì mọ ọmọ. Jẹ ẹ̀wà rẹ, jẹ ẹja, mu ẹ̀kọ rẹ ní òwúrọ̀ kí o tó jáde.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún kù. Àwọn kan á wá bá bàbá rẹ pé kí wọ́n tún ìwé ìbí rẹ ṣe, kí wọ́n fi ọdún méjì gé e, kí o lè pẹ́ láàárín àwọn ọmọdé. Kí bàbá rẹ rántí Niamey. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n lé ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin Benin tí kò yẹ kí wọ́n ju 17 lọ kúrò nínú ìdíje, nítorí ẹ̀rọ tó wo egungun ọrùn ọwọ́ wọn sọ pé púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé lè parọ́, egungun kì í parọ́. Àwọn tó kéré ní tòótọ́ nínú wọn sì bá wọn padà sílé, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ pàdánù.

Ìwé rẹ ńkọ́? Ìjọba ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ nínú àwọn CEG, kí ọmọ lè máa kàwé kí ó sì máa kọ́ eré lábẹ́ òrùlé kan náà. Ohun rere ni, mo sì bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí eré jẹ ìwé níbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí Debi Thomas, ọmọ aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, gba ife àgbáyé lórí yìnyín ní 1986, ó ń kàwé ní yunifásítì Stanford lọ́wọ́. Ó gba idẹ Òlíńpíìkì ní 1988, ó sì di dókítà oníṣẹ́ abẹ lẹ́yìn náà. Ní tiwa, INJEPS wà ní Àjàṣẹ́, kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. Ẹni tó ní BAC lè wọ̀ ọ́, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ sì lè di olùkọ́. Ó wù mí kí n rí obìnrin púpọ̀ sí i nínú iṣẹ́ náà, torí ọmọbìnrin tó ń kọ́ eré lọ́wọ́ ìyá máa ń rí ẹni tó lè bá sọ ohun tí kò lè sọ fún bàbá.

Dakar ni wọ́n fi Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ sí, láti ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá 2026, ìgbà àkọ́kọ́ tí Òlíńpíìkì kankan máa wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ ni wọ́n ń fẹ́. Bí orúkọ rẹ bá wà níbẹ̀, a ó jó. Bí kò bá sí níbẹ̀, oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ rẹ kò ní yí padà nílé mi.

Ṣùgbọ́n lọ́nà yòówù, ẹnì kan máa wá. Ó máa wọ bàtà dáadáa, ó máa ní nọ́ńbà fóònù méjì, ó máa sọ pé ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun ti rí ọ, pé kí ẹ kó owó ìwé ìrìnnà wá kíákíá kí ilẹ̀kùn má tì. Mú un wá sílé, kí ó jókòó níwájú bàbá rẹ, kí olùkọ́ rẹ wà níbẹ̀, kí ó sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pe ilé iṣẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù wa láti bèèrè. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, àfi níwọ̀nba ọ̀ràn díẹ̀ tí wọ́n kà sílẹ̀. Bí olóòótọ́ ni, ó mọ òfin náà, ó sì máa padà wá nígbà tí o bá pé ọdún náà. Bí kò bá lè dúró, fún un lómi mu, kí o sì sìn ín dé ojú títì.