ṢÉ LỌ́WỌ́ ÀWỌN ẸLẸ́SÌN AWO NI A TI GBA ÌGBÀGBỌ́ WA?

Bíbélì Kíkà: 1 Kọ́ríńtì 10:14-22, Róòmù 16:1-2
Akọ́sórí: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 26:26

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa ń mú bọ̀ láti yunifásítì. Wọ́n ní kí Ìjọ Kristi tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kèfèrí ti ń fi omi wẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ mímọ́, tí wọ́n sì ń retí ìyè lẹ́yìn ikú. Ṣé kì í ṣe pé a kó tiwọn ni? Bí a bá fi ìbínú dá ọmọ lóhùn, yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n iyèméjì rẹ̀ kò ní lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

1. Àwọn wo ni ẹlẹ́sìn awo?
Ní ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù, yàtọ̀ sí òrìṣà tí gbogbo ìlú ń bọ ní gbangba, àwọn ẹ̀sìn kan wà tí ènìyàn kò lè mọ inú wọn àfi bí wọ́n bá gbà á sínú awo. Ní Eleusis, nítòsí Áténì, Demeter, òrìṣà obìnrin tó ni ọkà, ni wọ́n ń bọ. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò wẹ nínú òkun, yóò gbààwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí ó rí lóru. Àwọn kan ń sin Isis ti ilẹ̀ Íjíbítì. Àwọn mìíràn, tí ọmọ ogun pọ̀ nínú wọn, ń sin Mithras, wọ́n sì ń jẹun pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ṣe bí ihò àpáta.

2. Ìjọra wà
Kò yẹ kí a sẹ́ ẹ. Justin Ajẹ́rìíkú, tó kọ̀wé ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 155, sọ pé àwọn olùsìn Mithras ń lo búrẹ́dì àti ife omi nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn wọlé. Ní ọ̀rúndún kejì kan náà, Apuleius kọ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n gbà sínú awo Isis ní Kenkíríà, èbúté Kọ́ríńtì. Ìlú yìí kan náà ni Fébè, arábìnrin wa, ti ṣe díákónì. Pọ́ọ̀lù pàápàá fi tábìlì Olúwa wé tábìlì àwọn ẹ̀mí èṣù. Ó mọ̀ pé tábìlì ni méjèèjì; ẹni tó ni tábìlì ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

3. Ẹ jẹ́ kí a yọ àsọdùn kúrò
Àwọn kan ń sọ pé wúńdíá ló bí Mithras, àti pé ó kú, ó sì jíǹde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpáta ni àwọn ère rẹ̀ fi hàn pé ó ti jáde, kò sì sí ìtàn àtijọ́ kan tó sọ pé ó kú. Búrẹ́dì àti ife tiwa, inú àjọ Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n ti wá. Jòhánù sì ti ń ṣe ìrìbọmi ní Jọ́dánì.
Ní ti December 25, Bíbélì kò dá ọjọ́ kan. Ní ọdún 274, Ọba Aurelian ya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́ fún Oòrùn ní Róòmù. Ìwé kan tí a ṣe níbẹ̀ ní ọdún 354 ló sì kọ́kọ́ fi ọjọ́ ìbí Kristi sí December 25. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e. Ìgbàgbọ́ wa kò dúró lórí ọjọ́.

4. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà
Ìkòkò méjì lè jọra, kí ohun tí a sè sínú wọn má jọra. Ní Eleusis, ènìyàn ń sanwó kí ó tó wọlé. Àwọn ti Mithras kì í gba obìnrin. Ẹni tó bá sì wọ awo kan lè wọ òmíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Olúwa kan ṣoṣo ni a ń sìn, gbangba ni a ti ń wàásù rẹ̀, ó sì kú lábẹ́ gómìnà tí a mọ̀: ní ọdún 1961 a rí òkúta tí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù wà lára rẹ̀ ní Kesaríà.

5. Ẹ̀kọ́ fún wa
Bí ìhìn rere kì í bá ṣe awo, kí ẹgbẹ́ wa má di awo. Bí owó aṣọ ẹgbẹ́ bá ń lé òtòṣì obìnrin sẹ́yìn, àwa náà ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa béèrè ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni a ó sọ fún ọmọ tó ní a kó ẹ̀sìn kèfèrí?
(b) Ta ni kò lè wọ ẹgbẹ́ wa nítorí àìlówó?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní òye láti dáhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí o sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àmín.