Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé jẹjẹrẹ dàbí olè òru tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn jẹjẹrẹ tí a ti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, tí a sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Èyí ni jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, tí ó máa ń pa àwọn ìyá nígbà tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń fẹ́ ìtọ́jú. A mú un wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ wa, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ó máa kọ́ ní kíláàsì.

Ohun tí ó ń fa àrùn náà. Ọrùn ilé-ọmọ ni ibi tóóró tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé-ọmọ. Ní ọdún 1983, Harald zur Hausen, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí ẹ̀yà kòkòrò HPV kan nínú jẹjẹrẹ yìí. Nítorí iṣẹ́ náà ni a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Nípa ìbálòpọ̀ takọtabo ni kòkòrò náà ń ràn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ a lé e jáde. Nínú àwọn díẹ̀, a sápamọ́, a sì máa ba ẹran ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bóyá fún ọdún 15 sí 20, kí ó tó di jẹjẹrẹ. Àrùn yìí kì í ṣe àfiṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Aya olóòótọ́ pàápàá lè ní i.

Ọ̀nà ìdènà. Èkíní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14, kí kòkòrò náà tó kàn wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2024 ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì.

Èkejì ni àyẹ̀wò, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kò dí gbogbo ẹ̀yà kòkòrò yìí lọ́nà. Ó yẹ kí obìnrin tí ó ti pé ọdún 30 lọ ṣe é. Nọ́ọ̀sì yóò fi ọtí kíkan tí kò le pa ọrùn ilé-ọmọ. Ibi tí ó bá ti ń bàjẹ́ yóò funfun láìpẹ́. Nígbà púpọ̀ a lè fi òtútù tàbí ooru pa á run ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, kí ó má ṣe dúró nílé.

Iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn kan ń wí kiri pé abẹ́rẹ́ yìí ń sọ ọmọ di àgàn. Ìyá tí ó gbọ́ ọ yóò bi olùkọ́ ọmọ rẹ̀ léèrè, nítorí pé ó fọkàn tán an. Kí a má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ni ó ń bà á. Kí a sọ fún un pé kò sí kòkòrò alààyè nínú abẹ́rẹ́ náà. Ohun tí ó jọ èèpo rẹ̀ ni a fi ṣe é, kí ara lè mọ ọ̀tá bí ó bá dé. Kí a sì fi yé e pé àrùn náà gan-an ni ó ń gba ilé-ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, nítorí pé àwọn oníṣègùn a máa yọ ọ́ láti gba ẹ̀mí là.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ wa, kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bí a bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó ti máa ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a pe nọ́ọ̀sì àdúgbò wá sí ìpàdé àwọn òbí, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó pé.